Ẹ Yé Fi Ìdílé Bo Ikùn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Àbíjàn, láti Treichville dé Adjamé, láti Koumassi dé Abobo, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín tó ń pa yín: "Ìdílé wa ló máa ń sanra." Ẹ̀rín ni ẹ fi ń sọ ọ́. Ìyá oníṣòwò á jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ikùn ti bo itan, ẹsẹ̀ ti wú, bó bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ọmọ bá ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ tension yín wò," èsì tí yóò gbọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun náà ṣe sanra títí tó fi kú. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé kí ló pa ìyá ọ̀hún. Ó ṣubú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹnu wọ́ sápá kan, ọwọ́ òsì kò ṣeé gbé mọ́, kò sì pẹ́ tó fi jáde láyé. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́ ló ṣe é. Rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rí ló sì fà á.

Mi ò ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìjogún. Àwa Yorùbá tí a ń bí ìbejì tó bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ yẹ ká jiyàn rẹ̀. Ní 1990, Albert Stunkard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìbejì ilẹ̀ Sweden. Àwọn kan nínú wọn dàgbà pọ̀, àwọn mìíràn ti pínyà láti kékeré, tí oníkálukú sì jẹ oúnjẹ ilé tó tọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, àwọn ìbejì ajọra tí kò gbé pọ̀ ṣì jọra ní ìsanra gidigidi. Ìwádìí mìíràn lórí ìbejì ti fi hàn pé nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín sísanra ẹnì kan àti ti ẹlòmíràn, nǹkan bí ìdá 40 sí 70 nínú 100 ló ní ọwọ́ ìjogún nínú. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà, wọn ò pọ̀, tó jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo bíi MC4R ló bàjẹ́ lára wọn, tí ebi kì í kúrò níkùn wọn láti kékeré. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pè é ní alájẹkì. Dókítà ló yẹ kó rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ìjogún léèrè pé kílò mélòó ló jẹ́ tirẹ̀ nínú ẹrù yìí.

Ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá gan-an wà lára ohun tí gbogbo ayé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ jíìnì. Nínú iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní HapMap, tí àbọ̀ apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn 90 ní Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ. Ní 2017, Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kéde àyípadà kan tí wọ́n rí nínú jíìnì SEMA4D. Nǹkan bí ẹnì 1 nínú 100 ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní in. Ẹni tó ní in fi nǹkan bíi pọ́n-ùn 6 wúwo ju ẹni tí kò ní in lọ, ìyẹn ni pé kò tilẹ̀ pé kílò 3. Jíìnì FTO ńkọ́, èyí tí àwọn Òyìnbó pariwo rẹ̀ káàkiri ní 2007? Láàárín àwọn Òyìnbó fúnra wọn, ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá fi nǹkan bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò jogún rẹ̀ rárá.

Kílò 3. Obìnrin tó yẹ kó wọn kílò 65 tó wá ń wọn 105 ti fi 40 kún un. Lóòótọ́, àwọn jíìnì tó kan sísanra pọ̀ lọ jàra, oníkálukú wọn ló sì ń fi ìwọ̀nba tirẹ̀ kún un. Àmọ́ jíìnì ìdílé yìí náà wà lára ìyá ìyá rẹ̀ tó ń roko ẹ̀gẹ́ ní Èjìgbò, tó ń ru ẹrù relé, tí egungun ọrùn rẹ̀ sì hàn síta títí tó fi darúgbó. Jíìnì ìdílé kì í yí padà láàárín 50 ọdún. Oko tí a fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ tí a kò fi rìn mọ́ àti oúnjẹ inú àwo ló yí padà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí èyí jáde ní 1997. Richard Cooper, dókítà kan ní yunifásítì Loyola lẹ́bàá Chicago, àti Rotimi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní 10,000. Gbogbo wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, orísun gbogbo wọn sì ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n lọ sí Jamaica, Saint Lucia àti Barbados, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Maywood ní ìpínlẹ̀ Illinois, láàárín àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹnì 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ ni ara àwọn ènìyàn ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ inú oúnjẹ wọn ń pọ̀ sí i. Ti àtọ̀gbẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí wọn mìíràn, wọ́n rí ẹnì 2 nínú 100 ní Nàìjíríà, 9 ní Caribbean, àti 11 láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba.

Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ pé ìran ló ń ṣe é nìkan, Ìgbò-Ọrà ì bá ti rí bíi Maywood. Láti Èjìgbò dé Àbíjàn kò jìn tó láti Ìgbò-Ọrà dé Chicago, ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan náà ni ara ń rìn. Àwọn bàbá wa tó ti Èjìgbò, Ìwó, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Côte d'Ivoire wá jẹ àtijẹ, wọ́n sì rí i jẹ. Mi ò bínú sí èyí. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé a kò kọ́ ọmọ wa bí ènìyàn ṣe ń rí jẹ tí kò fi ní jẹ ara rẹ̀.

Ẹ wo garba tí a máa ń rà lójú pópó. Attiéké wà ní ìsàlẹ̀, ẹja tuna díndín lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń tà á á bu òróró gbígbóná látinú agbada tó fi dín ẹja, á dà á sórí attiéké títí á fi máa dán. Á rún kúùbù Maggi lé e, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú kúùbù náà. Á gé àlùbọ́sà àti ata tútù sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ á wá ra mínírà tútù kan tì í. Agolo mínírà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ sẹ̀ńtílítà 33 lè ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó ń yó ni, mo sì mọ̀ pé kò sí àyè láti se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nídìí ìsọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án lójoojúmọ́, tó tún ń jẹ foutou àti ọbẹ̀ ẹyìn lálẹ́, tí kò sì rìn ju láti ìsọ̀ dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀ gbaka, kó má gbé ẹ̀bi kílò 40 ru ìyá ìyá rẹ̀.

Ìyìn tí a fi ń bọ́ àìsàn yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ tí a wà yìí, wọ́n ń ṣe ìdíje Awoulaba fún obìnrin tó kún, wọ́n sì ń dé e ládé. Ní 2008, orin Bobaraba gba ìgboro Àbíjàn kan, ìdí ńlá ló ń yìn, àwọn oníṣòwò ọjà sì rí nǹkan tà lẹ́yìn orin náà. Àwa náà kò sàn jù wọ́n lọ. Bí ọmọ wa bá ti Àbíjàn dé Èjìgbò lásìkò ọdún, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, tí ọrùn rẹ̀ ká mẹ́ta, a ó ní owó ti bá a. Bó bá fi kílò 5 dín, wọ́n á pe àwọn àgbà jọ: "Ṣé kò sí o? Kí ló ń ṣe ọ́?" Ẹni tó ń gbìyànjú láti dín ara kù á dẹni tí wọ́n ń fura sí pé àìsàn burúkú kan wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀ lára àwọn tó ń gba ara wọn là.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ oògùn ìsanra. Ní Adjamé àti ní ọ̀pọ̀ ọjà mìíràn, wọ́n ń ta oògùn lórí àtẹ bí ẹni ń ta èpà. Ọmọbìnrin tó fẹ́ kún á lọ síbẹ̀, onítọ̀hún á ka hóró funfun díẹ̀ sínú ọ̀rá, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, á ní kó lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ohun tó sábà máa ń wà nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni dexamethasone, tàbí cyproheptadine tí wọ́n ń pè ní Périactine, tàbí àpapọ̀ méjèèjì. Cyproheptadine ń jẹ́ kí ebi máa pa ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Dexamethasone ló burú jù. Ó ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára, ó ń kó ọ̀rá jọ sí ojú àti ikùn, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọmọ tí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé rẹ̀, tó wá ń gbé èyí mì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pe àìsàn ìdílé rẹ̀ jáde kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má dá a dúró lójijì, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ìdádúró òjijì lè dáni wólẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ohun tó jẹ́ tiwa gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí ìwé àwọn Òyìnbó kò kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ torí pé ara wọn ni wọ́n wò. Ní 2016, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti yẹ jíìnì wọn wò fún irú ìwádìí báyìí lágbàáyé, kìkì ìdá 3 nínú 100 ló jẹ́ ẹni tí ìran rẹ̀ ti Áfíríkà wá. Ẹ wá wo ohun tí àìkà wá sí yìí ti ń fà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí àtọ̀gbẹ fi òdiwọ̀n ikùn lélẹ̀ ní 2005, wọn kò ní òdiwọ̀n tiwa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwa ará Áfíríkà ṣì máa lo ti àwọn ará Yúróòpù: sẹ̀ńtímítà 94 fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin. Ní 2017, ìwádìí kan tó kó àwọn tó lé ní 24,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 8 ní Áfíríkà fi hàn pé fún àwọn ọkùnrin wa, ewu ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 81, bíi ti obìnrin. Íńṣì 32 nìyẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń wọ ṣòkòtò íńṣì 36, tí ẹ ń sọ pé àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Téèpù télọ̀ ti tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹ bọ́ aṣọ òkè, ẹ dìde dúró, ẹ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, kẹ́ ẹ fi téèpù yí àárín méjèèjì ká. Ẹ mí síta kí ẹ tó kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé. Ìgbànú ṣòkòtò kì í sọ òótọ́, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń so ó mọ́ abẹ́ ikùn.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú bilan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a máa ń ṣe. Dókítà á wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní triglyceride, torí pé lára Òyìnbó, bí ara bá ti ń kọ ínsúlíìnì, triglyceride máa ń lọ sókè, ìyẹn a sì kìlọ̀ fún un. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ara lè ti máa kọ ínsúlíìnì, kí triglyceride ṣì wà nílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá gba irú àbájáde bẹ́ẹ̀ á pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní ara òun mọ́, á sì fi mínírà ṣe àjọyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìlà kan ṣoṣo nínú bilan dá yín láre. Ẹ béèrè ṣúgà, ẹ béèrè tension, ẹ béèrè àyẹ̀wò kíndìnrín.

Mo ní kíndìnrín, nítorí pé ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí i pé àyípadà méjì nínú jíìnì APOL1, tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ irú àìsàn sùnrunsùnrun kan, ń ba kíndìnrín jẹ́ lára ẹni tó jogún rẹ̀ lápá méjèèjì. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tún wá bá irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ nílé, ewu ńlá ni.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá ń yàtọ̀. Ní 2019, Dike Ojji, dókítà ọkàn ní Àbújá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà. Àpapọ̀ oògùn tí amlodipine wà nínú rẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa wálẹ̀ ju àpapọ̀ perindopril àti hydrochlorothiazide lọ. Nítorí náà, oògùn tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti Paris, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń lò, ẹ má kàn gbé e mì. Èyí tí dókítà bá sì kọ fún yín, ẹ máa lò ó lọ. Ara tó fúyẹ́ kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀.

Ní 2018, Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà wádìí àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, tó lé ní 2,000, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò mú. Ohun mọ́kànlá péré ni wọ́n rí tó kó ìdá 98 nínú 100 ewu náà jọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, ikùn tó yọ wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, àìjẹ ẹ̀fọ́, iyọ̀ tí a ń bù lé oúnjẹ lórí tábìlì, àìṣeré ìdárayá, wàhálà ọkàn, sìgá àti àrùn ọkàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ọwọ́ wa tó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí àwọn ìyá wa fi tọ́ wa kò wọ́n ní ọjà Adjamé.

Ẹni tó mọ̀ pé òrùlé ilé òun máa ń jò kì í dúró de òjò kó tó wá páànù. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ ní àìsàn yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń sùn jù láàárín wa. Bí ìdílé yín bá ń sanra, tí àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ sì ti pa nínú yín, ìyẹn ní kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, láti nǹkan bí ọdún 25, kẹ́ ẹ má dúró de 50. Ní Àbíjàn, wọ́n á ní tension yín jẹ́ 14/9. Ní Ìbàdàn wọ́n á pè é ní 140/90. Ọ̀kan náà ni, láti ibẹ̀ lọ ni ewu wà. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun, bá tó gíráàmù 1.26 nínú lítà kan, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó ṣì tó bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Institut de Cardiologie wà ní Treichville, nínú ọgbà ilé ìwòsàn CHU. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wà ní Institut National de Santé Publique ní Adjamé, kò sì jìnnà sí ọjà tí ẹ ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀: níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó pín ìrẹsì, ẹ gbé ẹ̀rọ tension kan kalẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì kan wá, kí olórí kọ́kọ́ na apá tirẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí bá ti pa bàbá tàbí ìyá rẹ̀, kó má dúró de ìpàdé kankan. Kó lọ lọ́sẹ̀ yìí.